Bí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Ń Fọ́n Oògùn Sóko Bá Kú Lókè

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí bá àwọn awakọ̀ òfúrufú tí ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí oko mu ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ mìíràn lọ. Nínú iṣẹ́ tiwọn, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ó wà láàárín òkè àti ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ti wo ibi tí yóò sọ̀ sí kí ewu tó dé, kò ní àyè láti wò ó mọ́. A kọ ìwé kékeré yìí láti ṣàlàyé fún ẹ̀yin àgbẹ̀ ìlú Ìwó àti agbègbè rẹ̀ ohun tí ó ń mú kí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kú, ohun tí awakọ̀ ń ṣe kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ láàyè, àti ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ ṣe bí ọkọ̀ náà bá já sí ìtòsí rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, "Kí ni ó kan àwa ará Ìwó nínú ọ̀ràn yìí?" Òtítọ́ ni pé oko wa kì í ṣe irú èyí tí a ń fi ọkọ̀ òfúrufú fọ́n oògùn sí. Oko kòkó, oko iṣu, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́ wa fara kan ara wọn, àwọn ìṣàn omi sì ń gba àárín wọn kọjá lọ sínú odò. Bí a bá da oògùn sílẹ̀ láti òkè, oko aládùúgbò àti omi mímu ni yóò bà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kòkó pàápàá kò gba irú ìfọ́n bẹ́ẹ̀ dáradára, nítorí pé ewé orí igi rẹ̀ ṣù mọ́ra bí òrùlé, nígbà tí kòkòrò tí ń pa á lára ń fara pamọ́ sí ara èso àti ẹ̀ka nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ̀ jù láti àwọn ọdún 1950.

Síbẹ̀, ọ̀ràn yìí kàn wá lọ́nà mẹ́ta. Èkíní, ní Òkè Ọya, ìjọba àpapọ̀ a máa fi ọkọ̀ òfúrufú fọ́n oògùn láti pa ẹyẹ kékeré kan tí ó bá ẹ̀gà tan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quelea, tí àwọn Haúsá sì ń pè ní jan baki. Ẹyẹ yìí a máa rìn ní ọ̀wọ́ tí kò níye, a sì máa jẹ ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì run ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kebbi, Sokoto, Jigawa àti Yobe. Àwọn ọmọ wa àti àwọn ìbátan wa ń ṣòwò níbẹ̀, wọ́n sì ń sin ìlú níbẹ̀. Èkejì, ọkọ̀ kékeré aláìláwakọ̀ tí a ń pè ní dúróònù ti ń dé oko báyìí, ó sì ń gbé oògùn. Ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì tí ó wà lẹ́yìn àgbẹ̀ àti èyí tí ó wà nímú ọkọ̀ òfúrufú, òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

BÍ IṢẸ́ YÌÍ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1921, ní ìtòsí ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ ogun òfúrufú kan tí ń jẹ́ John Macready wa ọkọ̀ kọjá lórí ọgbà igi kan tí kòkòrò ajewé ti bò, wọ́n sì da ẹ̀tù májèlé sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ náà sórí àwọn igi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Kò pẹ́ tí àwọn olóko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà fi gbà á lò.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ogun eéṣú àti ogun ẹyẹ ni a fi ọkọ̀ òfúrufú jà jù. Láti ọdún 1974 títí di 2002, àwọn ọkọ̀ hẹlikópítà àti ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké tún fọ́n oògùn sí àwọn odò ní orílẹ̀-èdè Benin, Togo, Ghana àti àwọn mìíràn, láti pa ọmọ kòkòrò etí odò tí ń buni jẹ tí ó sì ń sọ ènìyàn di afọ́jú.

ÌDÍ TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ FI Ń KÚ

Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdédé kú. Ohun mẹ́rin ni ó fi ń ṣiṣẹ́: epo, afẹ́fẹ́, iná tí ń ṣẹ́ láti ara púlọ́ọ̀gì, àti òróró tí ń mú kí irin yọ̀ lórí irin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò dákẹ́.

Epo ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ń fura sí. Nígbà mìíràn, epo tán nítorí pé awakọ̀ fẹ́ parí ìlà oko kan sí i kí ó tó lọ rọ òmíràn. Nígbà mìíràn, epo wà, ṣùgbọ́n omi ti bá a pọ̀. Bí táńkì bá sùn láìkún, afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí epo náà ní ọ̀rinrin nínú. Bí òru bá tutù, ọ̀rinrin náà yóò di omi, yóò sì kán sínú epo. Omi wúwo ju pẹtiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ táńkì ni yóò lọ jókòó sí, níbi tí páìpù ti ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ fi ń ṣí ẹnu kékeré kan nísàlẹ̀ táńkì ní òwúrọ̀, tí ó ń gba epo díẹ̀ sínú ife tí ó mọ́ gaara, tí ó sì ń wò ó bóyá omi wà nídìí rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ibi tí ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń gbéra sábà máa ń jẹ́ ilẹ̀ lásán tí eruku pọ̀ sí, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Bí eruku bá dí asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní lè mí dáradára. Ohun ìyanu kan tún wà níhìn-ín: yìnyín lè dì nínú kábúrétọ̀ ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa. Bí epo ṣe ń di ooru, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú ihò tóóró kọjá, inú kábúrétọ̀ lè tutù ju òde lọ ní ìwọ̀n dígírì 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà bá kún fún ọ̀rinrin, ọ̀rinrin náà yóò dì, yóò sì dí ọ̀nà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ọwọ́ kan sínú ọkọ̀ tí ó ní kábúrétọ̀, èyí tí awakọ̀ lè fà kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè wọlé láti yọ́ yìnyín náà.

Ní ti iná, àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù fún ọkọ̀ òfúrufú kò fi ọ̀ràn náà ṣeré. Wọ́n fi mágínẹ́tò méjì sí i, wọ́n sì fi púlọ́ọ̀gì méjì sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí èkejì bá kú. Awakọ̀ ń dán méjèèjì wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbéra. Ní ti òróró, bí ó bá jò tán, irin yóò máa họ irin, yóò gbóná, yóò sì há pátápátá. Irú ikú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní àtúnṣe lókè.

ÌDÍ TÍ EWU TI ỌKỌ̀ YÌÍ FI PỌ̀ JÙ

Ọkọ̀ òfúrufú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já bọ́ bí òkúta. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ṣì ń gbé e, ó sì ń yọ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwòdì tí kò ju apá. Ọkọ̀ kékeré tí ó wà ní gíga 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lè yọ́ rìn tó máìlì mẹ́rin kí ó tó kan ilẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ronú àti láti yan ibi tí ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fọ́n oògùn ń fò ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 péré lókè irúgbìn, pẹ̀lú eré tí ó ju máìlì 100 ní wákàtí kan lọ. Ẹrù oògùn mú kí ọkọ̀ rẹ̀ wúwo. Ó ń yí padà ní òpin oko lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń gbéra tí ó tún ń sọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Kò ní gíga tí yóò fi ra àkókò. Eré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni owó tí ó lè ná.

OHUN TÍ AWAKỌ̀ Ń ṢE

Àkọ́kọ́, yóò fi eré náà ra gíga díẹ̀: yóò gbé imú ọkọ̀ sókè fún ìgbà kúkúrú. Lẹ́yìn náà, kí eré tó tán, yóò tún dorí imú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Èyí lòdì sí ohun tí ọkàn ènìyàn fẹ́, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà fẹ́ máa fa ọkọ̀ sókè títí. Ṣùgbọ́n eré ni ó ń mú kí ìyẹ́ gbé ọkọ̀. Bí eré bá lọ sílẹ̀ jù, ìyẹ́ kò ní lè gbé e mọ́, ọkọ̀ yóò sì já lulẹ̀ lójijì.

Èkejì, yóò da ẹrù sílẹ̀. Ọwọ́ irin kan wà nítòsí rẹ̀ tí ó ń ṣí ìsàlẹ̀ àpótí oògùn, kí gbogbo rẹ̀ lè dà lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ pé ọkọ̀ tí yóò fọ́n oògùn lórí ibi tí ènìyàn pọ̀ sí gbọ́dọ̀ lè da ìdajì ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 45. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: níbi tí ọkọ̀ gbà kọjá kí ó tó sọ̀, oògùn púpọ̀ lè ti dà sílẹ̀ níbẹ̀, kódà bí ọkọ̀ náà kò bá sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, iwájú ni yóò sọ̀ sí. Kò ní gbìyànjú láti padà sí ibi tí ó ti gbéra, nítorí pé yíyí ọkọ̀ padà ń jẹ gíga àti eré, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ awakọ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, yóò kọjú sí afẹ́fẹ́ kí eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ lè dínkù. Yóò sọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ebè, kì í ṣe kí ó gé ebè kọjá. Yóò yàgò fún kòtò, igi ńlá àti wáyà iná. Oko ìrẹsì tàbí oko àgbàdo sàn fún un ju ilẹ̀ tí kùkùté pọ̀ sí lọ, nítorí pé irúgbìn yóò fa eré ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó tó kan ilẹ̀, yóò ti ẹnu epo, yóò sì pa mágínẹ́tò àti iná bátìrì, kí iná má bàa ràn. Yóò sì kan ilẹ̀ pẹ̀lú eré tí ó kéré jù lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ yóò fi gbá nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ìwọ̀nba eré tí ó bá dín kù ń dáàbò bo ẹ̀mí ju bí ó ti rí lójú lọ.

BÍ A ṢE KAN ỌKỌ̀ NÁÀ LÁTI GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Fún ọdún púpọ̀, ọkọ̀ àtijọ́ àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń tún ṣe fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì kú nínú wọn. Ní ọdún 1950, ẹlẹ́rọ kan tí ń jẹ́ Fred Weick, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Texas A&M, ṣe ọkọ̀ kan tí a pè ní AG-1, èyí tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ oko nìkan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kan án. Láti inú èrò rẹ̀ ni ọkọ̀ Piper Pawnee ti jáde ní ọdún 1959. Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, àpótí oògùn wà lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ sì jókòó lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ní òkè, níbi tí ó ti lè ríran dáradára. Bí ọkọ̀ bá forí sọlẹ̀, iwájú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wó, díẹ̀díẹ̀, yóò sì ti gba agbára náà jẹ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ awakọ̀. Okùn tí ó nípọn de awakọ̀ mọ́ ìjókòó láti èjìká àti ìbàdí. Nítorí èyí, ẹ má ṣe rò pé awakọ̀ ti kú nítorí pé iwájú ọkọ̀ ti rún.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI ỌDÚN 1988

Nígbà tí eéṣú bo àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní àárín ọdún 1986 sí 1989, àwọn ọkọ̀ òfúrufú púpọ̀ ni wọ́n kó wá bá a jà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1988, ọkọ̀ DC-7 méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, tí ìjọba Amẹ́ríkà háyà fún ogun eéṣú, gbéra ní Dakar ní Senegal, wọ́n ń lọ sí Agadir ní Morocco. Bí wọ́n ti ń fò kọjá lórí Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà, àwọn jagunjagun Polisario tí ń bá Morocco jà yin ohun ìjà sí wọn, wọ́n rò pé ọkọ̀ Morocco ni. Ọkọ̀ kan já, àwọn márààrún tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ẹ́ńjìnnì kan bàjẹ́ lára ọkọ̀ kejì, ṣùgbọ́n ó fi ìyókù rìn títí tí ó fi sọ̀ ní Sidi Ifni ní etí òkun Morocco.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin lè pàdánù ọ̀kan kí ó sì dé èbúté. Ọkọ̀ oko kékeré kò ní ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìyẹn bá dákẹ́, ilẹ̀ tí ó wà níwájú ni èbúté rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ oko rẹ.

OHUN TÍ ÀGBẸ̀ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Ọkọ̀ oògùn tí ó já ní ewu méjì: iná àti májèlé. Ẹ fi àwọn ìlànà wọ̀nyí sọ́kàn.

1. Ẹ gba ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ lọ síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ má ṣe mu sìgá, ẹ má sì ṣá iná.

2. Ẹ pe 112, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá tí ó bá sún mọ́ yín. Ẹ sọ fún wọn pé ọkọ̀ tí ń fọ́n oògùn ni.

3. Ẹ lé àwọn ọmọdé àti àwọn òǹwòran sẹ́yìn. Wọn yóò bínú sí yín. À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

4. Bí awakọ̀ bá lè rìn, ẹ pè é kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá lè rìn tí iná sì fẹ́ ràn, kí ẹni tí ó wọ aṣọ tí ó bo ara, pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tú okùn rẹ̀ kí ó sì gbé e jáde. Bí iná kò bá sí, tí ó sì ń mí, ẹ má ṣe fà á lọ fà á bọ̀, kí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ẹ dúró de àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú.

5. Bí oògùn bá kan ẹnikẹ́ni, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kíákíá, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá di tíntínní, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ó ń làágùn, tí ó ń bì, tí ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí kò lè mí dáradára, májèlé ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Epo pupa kì í ṣe èrò májèlé yìí. Ó tilẹ̀ lè mú kí àwọn kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ yára wọ inú ẹ̀jẹ̀.

6. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́n epo inú ọkọ̀ náà. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní oṣù kẹwàá ọdún 1998, nígbà tí àwọn ènìyàn péjọ síbi páìpù epo tí ó bẹ́, tí iná sì sọ. Ó ju 1,000 ẹ̀mí lọ tí ó bá a lọ.

7. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oògùn tàbí agolo rẹ̀ lọ sílé. A rí àwọn tí ó da Gammalin 20 sínú odò láti fi pa ẹja ní ayé ìgbà kan. Ẹja náà pa àwọn tí ó jẹ ẹ́ lára. Lindane, èyí tí ó jẹ́ oró inú Gammalin 20, wà lára ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò ní ọdún 2009 láti fòpin sí nínú iṣẹ́ àgbẹ̀.

8. Ẹ má ṣe bu omi mu nínú ìṣàn tí oògùn dà sí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn mu ún. Ẹ má ṣe ká ohun tí ó wà nínú oko náà títí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

9. Ẹ má ṣe yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀ náà. Àjọ tí ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà, NSIB, nílò gbogbo rẹ̀ bí ó ti wà, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀.

ẸNI TÍ Ó Ń LO Ẹ̀RỌ ẸLẸ́ŃJÌNNÌ LẸ́YÌN, ÀTI ẸNI TÍ Ó HÁYÀ DÚRÓÒNÙ

Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì lókè ni ó ń pa èyí tí ó wà lẹ́yìn yín. Ẹ sẹ́ epo kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí epo àná sùn sínú rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹ gbọn eruku inú asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ po òróró mọ́ epo ní ìwọ̀n tí ìwé ẹ̀rọ náà là sílẹ̀. Bí ó bá kú láàárín oko, ẹ kọ́kọ́ ti ẹnu oògùn, ẹ gba ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ jáde, kí ẹ tó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ níbi tí ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó ṣí táńkì epo. Bí ẹnu ìfọ́n bá dí, ẹ má ṣe fi ẹnu fọn ọ́n láéláé.

Ní ti dúróònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìyẹ́ tí yóò mú wọn yọ́ lọ. Bí agbára bátìrì bá tán lójijì, wọn yóò já lulẹ̀ tààrà pẹ̀lú oògùn inú wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sábẹ́ rẹ̀ tàbí sí ibi tí ó ń gbà kọjá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ fún yín bóyá ó ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ NCAA, ibi tí yóò ti gbéra, àti ibi tí yóò sọ̀ sí bí nǹkan bá yẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí, kò tíì múra iṣẹ́.

Ìbéèrè náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa: níbo ni yóò sọ̀ sí? Awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó kú, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe kí ọkọ̀ tó já. Ẹ ka ìwé yìí fún àwọn ọmọ yín àti fún àwọn tí kò lè kà á. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ tọ òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní àdúgbò yín lọ. Inú rẹ̀ yóò dùn láti ṣàlàyé rẹ̀.